Pípààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Ìjàpá

Kò sí ìgbà tí mo gbé Volkswagen Ìjàpá mi jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde tí n kì í pàdé ẹni tí ó ní irú rẹ̀ nílé, tí yóò sọ fún mi pé ìdí ọkọ̀ òun ti wọlẹ̀, àti pé òun fẹ́ ra ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i. Èsì mi kì í yí padà: ìdí ọkọ̀ tí ó wọlẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ ṣọ́ọ̀kì. Lábẹ́ Ìjàpá, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ọ̀pá irin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n tì bọ inú páìpù ńlá tí ó dábùú ọkọ̀. Bí táyà bá gòkè, ọ̀pá náà á lọ́. Bí ó bá sì tú ara rẹ̀, táyà á padà sísàlẹ̀. Òun ni sípíríǹgì ọkọ̀ náà, òun ni ó sì ru gbogbo ẹrù ẹ̀yìn, títí kan ẹ́ńjìnnì tí àwọn Jámánì gbé síbẹ̀. Ti ṣọ́ọ̀kì ni pé kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó sókè sódò lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti lọ́ tí ó sì tú. Písítọ́ọ̀nù kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fi tipátipá ti epo gba ihò tóóró kọjá, agbára tí ìbá sì máa ju ọkọ̀ sókè á di ooru. Nítorí náà, bí a bá dé láti ojú ọ̀nà tí kò dára, tí a sì fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tí ó ti kú á sì tutù bí ara ọkọ̀ yòókù.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Òjó, ní Èkó, ni tèmi, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1975. Mo ti ń fura sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, nítorí pé bí mo bá wọ kọ́nà tí ó rí gbágungbàgun, ìdí ọkọ̀ á fò yà sí ẹ̀gbẹ́ kí táyà tó tún di ilẹ̀ mú. Mo gbé e dúró, mo fi gbogbo ara tẹ igun ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá á gòkè lẹ́ẹ̀kan, á sì jókòó. Tèmi ń mì lọ ràì ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, epo ti sun jáde lára ṣọ́ọ̀kì òsì, eruku pupa sì ti lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀.

A máa ń rí àwọn tí wọ́n ń tún ọkọ̀ àtijọ́ kùn bí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀dà á máa dán gbinrin, tí abẹ́ ọkọ̀ yóò sì wà bí ó ṣe wà. Ní tèmi, n ó kọ́kọ́ ná owó sí abẹ́ ọkọ̀. N kò sì lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó tàbí níbòmíràn, bí owó rẹ̀ ti wù kí ó kéré, nítorí pé rọ́bà tí ó dí ẹnu rẹ̀ ti jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tuntun ni kí á rà, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà le ju èkejì lọ. Mo mú èyí tí ó jẹ́ olóròóró, mo fi onígáàsì sílẹ̀: ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ ni Ìjàpá, onígáàsì sì máa ń jẹ́ kí ó le koko lójú ọ̀nà wa. Ṣọ́ọ̀kì olóròóró tí ó ti dùbúlẹ̀ pẹ́ nínú páálí máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú, nítorí náà mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan nàró, mo ń fà á, mo ń tì í, títí ó fi le bákan náà lálọ àtàbọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan ní àdúgbò wa ni a ti ṣiṣẹ́ náà. A fi igi dí táyà iwájú, a gbé jáàkì sí abẹ́ páìpù ńlá ẹ̀yìn, a kò sì gbé e sí ibi jáàkì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ìpẹtà sábà máa ń ti jẹ ibẹ̀. Irin onígun mẹ́ta la fi gbé ara ọkọ̀ dúró. Búlọ́ọ̀kù ilé lè fọ́ lójijì láìkìlọ̀, kò sì yẹ kí ọmọ ènìyàn kankan wọ abẹ́ ọkọ̀ tí búlọ́ọ̀kù gbé ró.

Bọ́ọ̀tì òkè kò yọ wá lẹ́nu. Ti ìsàlẹ̀ ni ogun wà, nítorí pé òun ni táyà ń ta ẹrẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà òjò. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ irin tí ó wà láàárín búṣì, ìyẹn rọ́bà tí ó wà ní ojú ihò ṣọ́ọ̀kì, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ń yí i, rọ́bà ló ń bá a yí. Ọmọkùnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi iná sí i, kíá ló máa jáde.” Mo ní kí ó má dán an wò. Páìpù bẹntiróòlù gba ẹ̀yìn lọ sí ẹ́ńjìnnì, rọ́bà bíréèkì sì wà nítòsí ibẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu rẹ̀, a rọ epo tí ń tú ìpẹtà sí i, a sì lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé, ó dá nọ́ọ̀tì padà sí ẹnu bọ́ọ̀tì kí ojú rẹ̀ má baà bàjẹ́, ó fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ láì fipá ṣe é, ó sì dún gbì, ìyẹ̀fun pupa sì dà sílẹ̀. A fi gíríìsì pa ara bọ́ọ̀tì tuntun kí á tó tì í wọlé, kí ẹni tí yóò tún un tú lọ́jọ́ mìíràn má baà bú wa.

Òkè la kọ́kọ́ so, kí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì wà lókè, kí ikùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìjàpá tí ó bá wà lórí jáàkì, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì wọnú, èyí tí ó mú kí ojú ihò ìsàlẹ̀ jìnnà sí ti ṣọ́ọ̀kì. A fi jáàkì kékeré ti orí ásẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá tí ó gbé táyà, sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ihò méjèèjì fi kojú ara wọn. A kò tíì fún nọ́ọ̀tì le nígbà yẹn. A tún ti ásẹ́ẹ̀lì sókè títí ara ọkọ̀ fi fẹ́ kúrò lórí irin tí ó gbé e, nítorí pé ibẹ̀ ni búṣì yóò máa wà bí ọkọ̀ bá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀; ìgbà náà ni a wá fún ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ le. Èyí tí a bá fún le nígbà tí táyà ṣì rọ̀, rọ́bà rẹ̀ á wà ní lílọ́ títí lọ, kì í sì í pẹ́ tí yóò fi ya.

Bí a ṣe sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí rẹ̀ ga sókè, táyà rẹ̀ sì ṣẹ́ sínú, ọmọkùnrin náà sì rò pé ṣọ́ọ̀kì gùn jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀; táyà ni kò tíì yí padà sí ààyè rẹ̀. Mo ní kí ó tì í síwájú, kí ó tún fà á sẹ́yìn, ó sì jókòó. Mo gbé e gba iwájú ọjà Òkè-Ajé kọjá lọ sí ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ṣì máa ń ta díẹ̀ lórí bọ́ńpù, ṣùgbọ́n ní kọ́nà ẹ̀yìn rẹ̀ kò yà mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo tún wọ abẹ́ rẹ̀ láti fi sípánà dán gbogbo nọ́ọ̀tì wò, ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún sì gbà díẹ̀ sí i.