Ọlọ́run Dá Ohùn Mi Padà, Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ bá mi yin Olúwa o, ẹ̀yin ará! Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́rìí mi kí ẹkún tó gbà á lẹ́nu mi. Oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi lè pe ọmọ mi látinú pálọ̀ kó gbọ́ ní kíṣìnì.

Gẹ̀gẹ̀ ló yọ sí mi lọ́rùn. Mi ò kà á sí, mo kàn ń fi síkáàfù bò ó kiri, ìgbà tó wá di pé òkèlè ò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́ ni ọkọ mi fi dandan gbé mi lọ ọsibítù, wọ́n ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà là á yé wa pé iṣan tó ń jẹ́ kí ohùn jáde, ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ló gbà kọjá, pé tó bá fara gbọgbẹ́ ohùn lè lọ, ó lè padà, ó lè má padà. A fọwọ́ sí ìwé. Mo jí, mo fẹ́ sọ pé "Jésù, o ṣé", afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ọkọ mi rò pé omi ni mò ń tọrọ.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtokú, níbí l'Abẹ́òkúta. Ẹnu la fi ń tajà níbẹ̀, "ẹ wá wò ó o, àdìrẹ oníko wà, àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà", ẹni tó bá lè pè é ló máa tà. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà ló pa mí lẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn o. Ìyá kan ló wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 11 la ti ń kojú síra wa, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rèé, tèmi rèé. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, mo mọ ọmọ ẹ̀ tí ò pè é lórí fóònù. Èmi tí mo dẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mo máa ń kọ iye ìwé ìléwọ́ tá a pín sílẹ̀ lóṣooṣù, mi ò sọ̀rọ̀ Jésù fún un rí. Láéláé! Ọlọ́run fún mi lóhùn fún odidi ọdún 11, ìnájà ni mo fi ṣe.

Ìyá yìí náà ló ń bá mi tajà nígbà tí mi ò sí. Tó bá di alẹ́ Sátidé á gbé owó wá sílé nínú nílọ́ọ̀nù dúdú, á kà á lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka ẹ̀ tí aró ti kùn, kò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bá mú bírò, mo kọ ojú ewé méjì sínú ìwé ọmọ mi, mo kọ ohun tí Jésù ṣe fún mi, mo ní Ó fẹ́ràn ẹ̀yin náà, Ìyá. Mo nà án sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mi ò mọ̀wé kà mà." Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ló gbà á, ó dìde dúró láàárín pálọ̀, ó kà á bí ìgbà tí wọ́n ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ò mira. Nígbà tó kà á tán, wọ́n ní, "Padà síbẹ̀rẹ̀, tún un kà."

Iná sọ nínú mi lọ́jọ́ náà. Mo wá ìwé kékeré kan, mo kọ orúkọ èèyàn márùn-ún sí i, ìyá yẹn, ọlọ́kadà tó ń gbé ọmọ mi lọ sí sùkúù, àbúrò mi tó ti bínú kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àtàwọn méjì mìíràn, aago márùn-ún ìdájí ni mò ń gbàdúrà lé wọn lórí, ètè lásán ló ń mì. Ará, tẹ́ ẹ bá ń dárúkọ èèyàn fún Ọlọ́run lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá wá rí i ní títì, ẹ máa fẹ́ mọ̀ bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn dáadáa. Mo ti na ìwé ìléwọ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tí mi ò wojú wọn rí, mo dẹ̀ ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Ìgbàkígbà tí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Aké, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 1821 ni wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọdún 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ìyá wọn, Abẹ́òkúta wa yìí náà ni. Ìyá Crowther ò gba Jésù lọ́jọ́ tí wọ́n ríra o, ọdún 1848 ni wọ́n tó ṣèrìbọmi, tí wọ́n jẹ́ Hannah. Èèyàn tí iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tó báyẹn, ó dúró ti ìyá ẹ̀.

Ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀, dókítà ní iṣan yẹn ò já, ó kàn fara pa ni. Ọjọ́ tí mo padà sí Ìtokú, mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo fi sọdá lọ bá Ìyá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu ara mi, ó há, àmọ́ ohùn mi ni! Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá ká ọwọ́ aró yẹn pọ̀, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń bá Jésù sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi pariwo halelúyà, èmi náà lè pariwo ẹ̀ báyìí!