Nítorí ìwé méjì péré, mo sọ ọmọ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà máa gbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí òun tẹ̀ ẹ́ jáde, ló bá figbe ta láti pálọ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ó ní kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín sí i." Mo wà nídìí ọbẹ̀. Mo ṣan ọwọ́, mo lọ fi sí i. Ó tún béèrè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó sú mi. Mo wọ inú àkáǹtì tèmi, mo yí tọmọ náà kúrò ní Standard, ìyẹn àkáǹtì tí kò ní àṣẹ púpọ̀, mo sọ ọ́ di Administrator, ìyẹn ọ̀gá tó lè fi ohun tó bá wù ú sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé méjì jáde, mo padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Kò pé oṣù kan tí kọ̀ǹpútà alágbèéká náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan ṣe. Ìpolówó ọjà ń yọ gànńboro láìsí ẹni tó pè é. Géèmù ọ̀fẹ́ kan ni ọmọ gbà wọlé, géèmù náà sì kó ẹbí rẹ̀ dání. Ọmọkùnrin tó bá wa tún un ṣe gba ₦7,000, ó fọ gbogbo rẹ̀ nù kó tó tún Windows 10 fi sí i. Ó ní, "Mà, ta ló fún ọmọ yìí láṣẹ?" Mo ní kó jẹ́ kí n bu omi tútù fún un.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí. Wáyà ni a fi so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní pálọ̀, orí Wi-Fi sì ni alágbèéká ti ń yá a lò. Tí a bá yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò lọ́nà yẹn, inú àkáǹtì ẹni tó so ó pọ̀ nìkan ló máa ń wà. Mo so ó pọ̀ nínú tèmi, mo rò pé gbogbo ilé ló ní in. Nínú àkáǹtì àwọn ọmọ, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Kí àwọn náà tó lè so ó pọ̀, driver rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ní láti wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ aṣínà ti ń bá wa.

Kì í le tó báyẹn tẹ́lẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n rí ihò kan nínú Windows tí wọ́n pè ní PrintNightmare. Print Spooler, tó ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé sórí ìlà, agbára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe agbára ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n dá tó ti ọwọ́ rẹ̀ kó driver burúkú wọlé ti di baálé nínú ilé onílé nìyẹn. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Microsoft gbé àtúnṣe jáde: Administrator nìkan ló lè gba irú driver bẹ́ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Tí driver ti pálọ̀ bá sì wá yàtọ̀ sí ti alágbèéká, ó tún lè béèrè. Èmi ti ń ṣẹ́ èpè fún un o.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ kọ̀ǹpútà pálọ̀ kúrò láàárín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ní Wi-Fi tirẹ̀, a ò kàn lò ó rí ni. Mo wọ àkáǹtì Administrator, mo fi àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá a mọ̀ lórí Wi-Fi ilé, so ó mọ́ alágbèéká tààrà. Tó bá ti jẹ́ báyẹn, gbogbo àkáǹtì ló máa rí i, ẹnikẹ́ni ò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ rí i pé ẹ lọ sínú router, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, kí ẹ ya àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sọ́tọ̀ fún un. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí NEPA bá mú iná tó sì dá a padà, ó lè gba òmíràn.

A tún rò pé ó ti parí. Ọmọ tẹ Print, kọ̀ǹpútà ń bi í pé orúkọ wo ló fẹ́ sọ fáìlì. Àṣé àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ló ń yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, Microsoft Print to PDF, tó ń sọ iṣẹ́ di fáìlì dípò kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, sì ni tiwọn ń lò. Nígbà tí mo wo Documents, iṣẹ́ àṣetiléwá kan náà wà níbẹ̀ lọ́nà mọ́kànlá! Inú àkáǹtì ọmọ gan-an ni kí ẹ ti pa "Let Windows manage my default printer", kí ẹ sì yan èyí tó tọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aṣínà mi ṣì ti ń wúlò ni ọjọ́ tí iná bá lọ nígbà tí ìwé wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ lè fagi lé iṣẹ́ tirẹ̀, kò lè fọwọ́ kan tàbúrò rẹ̀, tèyí àkọ́kọ́ bá sì há, gbogbo ìlà dúró. Mo máa wọ services.msc, ibi tí Windows to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sí, màá dá Print Spooler dúró, màá kó ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS dànù, màá sì tún un tan. Ìṣẹ́jú méjì ni.

Àkọ́bí mi ti padà sí Standard. Ó bínú fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà náà padà pẹ̀lú, torí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ti há èyí àtijọ́ sórí níbi tó ti ń wo ọwọ́ mi.