Ẹ Fi Ojú Eṣinṣin Wò Ó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ ewéko, ara ewéko ajẹkòkòrò kan, Nepenthes aristolochioides, ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí. Sumatra ní Indonéṣíà ni ilé rẹ̀, lágbègbè Gunung Tujuh, òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ tí adágún omi wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń pe ìkòkò rẹ̀ ní òdòdó. Ewé ni o! Ṣóńṣó ewé ló gùn jáde, tó wú, tó di ìkòkò. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lọ́ràá, ara kòkòrò ló ti ń rí naitirójìn, èròjà tí ewéko fi ń dàgbà.

Ẹnu ìkòkò yìí ló gbà mí lọ́kàn. Ti ọ̀pọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ kọjú sókè. Tirẹ̀ kọjú síwájú, ó sì kéré. Òkè ìkòkò náà tẹ̀ kororo, ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ lè wọn gbogbo èyí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kó má sì yé yín. Àfi kí ẹ fi ojú eṣinṣin wò ó. Ṣé ẹ rí bí eṣinṣin ṣe ń forí sọ gíláàsì fèrèsé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu? Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá, kò wá ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìkòkò yìí, omi tó ń fà yọ̀ọ̀ sì ń dúró dè é nísàlẹ̀. Lọ́dún 2012, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jonathan Moran àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé nígbà tí àwọn dí ìmọ́lẹ̀ yẹn, eṣinṣin tó ń kó sínú rẹ̀ dín kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí “ilẹ̀ olóoru” tí wọ́n ń pe Sumatra tàn yín jẹ. Ó ń hù ní nǹkan bíi mítà 1,800 sí 2,500 sókè òkun, níbi tí kùrukùru wà, tí òtútù ń mú lóru. Ooru Ìbàdàn á pa á.

Akọ ọ̀tọ̀, abo ọ̀tọ̀ ni. Bí olè bá hú akọ tó wà nítòsí lọ, abo tó kù kò ní so èso, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lára àwọn tó fẹ́ pa run. Torí náà, bí ẹ bá ya fọ́tò ewéko tó ṣọ̀wọ́n, ẹ rántí pé fóònù lè kọ ibi tí ẹ dúró sí sínú fọ́tò. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.