Ọlidé Oṣù Kejìlá, láti Ìbàdàn dé Leeds

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Ìbàdàn, mi ò rí òbí kankan tó jókòó ro ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi ọlidé ṣe. Ilé ìwé á gba ìsinmi lónìí, ilẹ̀ ọ̀la á mọ́ bá wa níta. Ebi nìkan ló ń lé wa wọlé. Ní Leeds tí mo ń gbé báyìí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe ìsinmi Kérésìmesì, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn sì rèé, èmi ni àdúgbò, èmi ni ìta, èmi náà ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá ṣeré.

Òkùnkùn ló kọ́kọ́ fà á. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ á ti lù kí ilẹ̀ tó mọ́ níbí, kò sì ní tíì tó aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn á ti wọ̀. Nílé, ọyẹ́ ló ń bá wa fínra: ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, ìyá wa á fi òrí pa wá lára, a ó sì tún sá jáde. Ọyẹ́ kì í lé ọmọdé wọlé. Òjò wínníwínní tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá, òun ló ń lé ọmọ wọlé.

Kò sẹ́ni tó pe eré wa ní eré ìmárale nígbà yẹn. Ẹni tó pọn omi lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀, tí wọ́n tún dá padà nítorí ó gbàgbé ata, tó sì fò ten-ten títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ló tún kù tó fẹ́ fi mára le? Àwọn elétò ìlera níbí ní kí ọmọ ọdún 5 sí 18 máa fi ara ṣiṣẹ́ tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ọlidé, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì ń gun ẹ̀yìn àga bí ewúrẹ́, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Mo fi téèpù pupa ya suwe sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ten-ten ló kó bá wa, nítorí òkè ni ilé wa wà, ẹnì kan sì ń gbé nísàlẹ̀. Ká ní Ìbàdàn ni, á kàn jáde síta, á pariwo mọ́ wa, á bú mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, a ó jọ kí ara wa lálẹ́. Ìwé ni bàbá náà kọ, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. “Ẹ jọ̀wọ́” mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé inú ń bí i gidigidi. Láti ọjọ́ náà, aago mọ́kànlá àárọ̀ là ń lọ fò ten-ten wa ní pápá, òjò ìbáà máa rọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní láti gbà fún Ìlú Ọba lórí ọ̀rọ̀ parkrun, eré tí tọmọdé tàgbà jọ ń sá nínú pápá. Lọ́dún 2004, ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù, èèyàn 13 péré ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kìlómítà 5 ni ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ti àwọn ọmọ ọdún 4 sí 14 jẹ́ kìlómítà 2 ní Sọ́ńdè. Kọ́bọ̀ ò jáde lápò ẹni. Ẹni tí kò lè sáré lè rìn. Èmi ń rìn ni o, mi ò purọ́.

Ti iṣẹ́ ọwọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Nílé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, ìdérí ìgò ni táyà, wọ́n á so okùn mọ́ ọn nímú, wọ́n á máa wọ́ ọ kiri. Imọ̀ ọ̀pẹ ni aago ọwọ́ wa. Níbí, wọ́n ń ta iṣẹ́ ọwọ́ nínú ọ̀rá: wọ́n ti gé e, wọ́n ti kùn ún, ọmọ kàn máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tán, wọ́n tún ń wojú mi. Èyí tí mo fara mọ́ nínú tiwọn ni ẹ̀wọ̀n bébà aláràbarà tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri, torí ó ń pẹ́ kó tó tán.

Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ páálí ẹyin nù. Ẹyin ibí kì í wá nínú káréètì ọlọ́gbọ̀n bíi tiwa; 12 ló wà nínú èyí tí mo máa ń rà, ojú 6 níhìn-ín, ojú 6 lọ́hùn-ún. Mo gbé e sókè, mo wò ó. Ọpọ́n ayò ni mo fẹ́ sọ nù yìí! A gé ìdérí rẹ̀ kúrò, a pín in sí méjì kí oníkálùkù lè máa kó èyí tó bá jẹ sí i. Àwọn ọmọ fi ọ̀dà kùn ún bí igi. Omi ọ̀dà náà mú páálí rọ̀ bí àkàrà tó bọ́ sínú ẹ̀kọ, a sì ní láti gbé e sórí ẹ̀rọ amúlégbóná ara ògiri mọ́jú. A ka ẹ̀wà 48, mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan.

A pe bàbá mi lórí WhatsApp, a fi fóònù ti ike ṣúgà.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá àgbà.”

“Ẹ kú ọdún o. Kí lẹ gbé síwájú yìí? Ṣé ẹyin lẹ fẹ́ tà ni?”

Ó kọ́ wọn pé bí ọmọ ayò tó gbẹ̀yìn bá sọ ihò ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, jíjẹ ni. Ọmọ mi àgbà ń fi ìka ka èyí tó wà nínú ihò. “Ọ̀pẹ ní ń fọwọ́ kà á,” ni bàbá mi wí láti Ìbàdàn; ẹni tí kò mọ ayò ta ló ń pè ní ọ̀pẹ. Wákàtí kan ààbọ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè tẹlifíṣọ̀n.

Ṣin-ṣin ńkọ́? Ìgò ṣì ni mo fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun rẹ̀ bíi ti ìyá mi, àwọn ọmọ ló ń gé e, èmi nìkan ni mo ń súnmọ́ epo gbígbóná. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín lókè àjà, tó ń ké bíi pé ilé ń jó. Ọmọ kan ló máa ń dúró tì í pẹ̀lú aṣọ ìnura, á máa fẹ́ ẹ. Òun náà ka ìyẹn sí eré ìmárale.

Ní ọjọ́ Kérésì gan-an, rélùwéè kì í ṣiṣẹ́ níbí, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá á tì, òpópónà á pa lọ́lọ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Ìbàdàn ń wọ aṣọ tuntun tí télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rán tán, tí wọ́n ń ti ilé dé ilé. Mo bu ṣin-ṣin sínú abọ́ oníderí, mo gbé e lọ fún bàbá ìsàlẹ̀. Ó dúpẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ẹ̀pà wà nínú rẹ̀. Mo ní rárá. Ó tún dúpẹ́.

Ọjọ́ kejì ni abọ́ náà padà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, kò sì gbé e wá lófìfo: mince pie mẹ́fà, páì tí wọ́n ń jẹ nígbà Kérésì níbí, ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi kejì gé ọ̀kan jẹ, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Mọ́mì, wọn ò fi ẹran sí i.”