Ọ̀sà Àgbádárìgì nílò ìwé àkọsílẹ̀

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Marina Àgbádárìgì lọ sí Gberefu, tí ẹ sì la yanrìn kọjá, òkun lẹ máa bá níwájú. Síbẹ̀, iyọ̀ òkun kì í gba ibẹ̀ wọ ọ̀sà wa. Èkó lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ èbúté, ló ń gbà wọlé. Lásìkò òjò, odò Yewa á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á dín kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ á tún máa bọ̀.

Ìyẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyọ́lọ́jì ní kíláàsì mi. Ewéko olódòdó elése àlùkò tó ń léfòó, tó ń dínà mọ́ ọkọ̀, ọ̀nà Porto-Novo ló gbà wọlé ní 1984, ọ̀sà wa ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí omi bá ti ń níyọ̀, ewé rẹ̀ á pọ́n, á kú. Àwọn bàbá apẹja mọ èyí dáadáa, àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹjọ́ sùn pé àwọn tó ń fa yanrìn ti da omi rú, ẹ̀rí ni àwọn tí wọ́n fẹjọ́ sùn ní kí wọ́n mú wá. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń kó ẹ̀rí jọ báyìí. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà la pín sí mẹ́rin, a kun ún ní dúdú àti funfun, a so òkúta mọ́ ọn nídìí, a sì ta kókó sára okùn rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ sómi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ojú ò bá ti rí i mọ́, wọ́n á ka kókó, ká lè mọ bí omi ṣe mọ́ tó. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì, ló fi irú àwo bẹ́ẹ̀ wo omi òkun ní 1865, àwọn onímọ̀ ṣì ń lò ó títí dòní. Lẹ́yìn náà, a máa ń se lítà omi kan gbẹ, a sì wọn iyọ̀ tó bá kù nídìí ìkòkò. Lítà omi òkun máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 35.

NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975, wà ní Victoria Island, ó jìnnà sí wa. Ẹ̀yin olùkọ́ Topo àti Akarakumo, ẹ̀yin lẹ wà létí omi yìí lójoojúmọ́. Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí òjìji bá wà ni kí ẹ ti wo àwo, kí oòrùn má baà dà yín lójú. Ọmọ tí kò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí omi.