Wọ́n ní màámi ò lè wà nínú iṣẹ́ másítàs mi

Ẹnu ni wọ́n fi ń na èèyàn ní ìlú ọba níbí o. Tuesday tó kọjá, a lẹ iṣẹ́ wa mọ́ ara ògiri kí gbogbo kíláàsì lè wò ó kí wọ́n sì tú u palẹ̀, lẹ́kítọ́rà wa wá dúró níwájú tèmi, ó ka káàdì mẹ́ta mẹ́rin tí màámi kọ ìdáhùn sí, ó ní àwọn ìdáhùn yìí ò dáhùn ìbéèrè kankan, pé kí n lọ wá àwọn àgbàlagbà kan nínú ìlú níbí, pé èèyàn kì í fi ìyá ẹ̀ ṣe ìwádìí. Ó rọra sọ ọ́ o, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Tí lẹ́kítọ́rà Nàìjíríà bá bú ẹ, wàá mọ̀ pé wọ́n bú ẹ, wàá sunkún, wàá jẹun, ó tán. Eléyìí, mo ti délé, mo ti bọ́ bàtà, kí n tó mọ̀ pé èébú ni.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń kọ́ gan-an: dìsáìn ni, àmọ́ kì í ṣe ti aṣọ, kì í sì í ṣe flyer ọjọ́ ìbí (Àǹtí mi ní Adó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú). Ohun tí wọ́n ní ká ṣe lọ́dún yìí ni nǹkan tó máa mú ìgbé ayé ojoojúmọ́ tu èèyàn lára, pàápàá àwọn tó ń dá gbé. Ẹnìkan nínú wa ṣe iná tábìlì méjì, tí màmá ẹ̀ bá tan tiẹ̀ lọ́hùn-ún, ti ọmọ á tàn níbí. Ẹlòmíì ṣe ife tó máa jẹ́ kó o mọ̀ pé aládùúgbò ẹ náà ń mu tíì lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ní Ìkéré níbo? Ta ló nílò ife kó tó mọ̀ pé aládùúgbò ń mu tíì, nígbà tó jẹ́ pé aládùúgbò fúnra ẹ̀ ló máa wọlé wá bèèrè pé ṣúgà dà.

Àmọ́ wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré níbí. Ní 2018 ìjọba ìlú ọba yan mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó dá wà, Tracey Crouch ni wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Mo sọ fún màámi lórí fóònù, ó ní iṣẹ́ wo gan-an ni mínísítà yẹn ń ṣe, ṣé ó ń lọ kí àwọn èèyàn láti ojúlé dé ojúlé ni? Ó ní kí n bá òun bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń gba èèyàn, pé òun náà mọ̀ ọ́n kí.

Ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ wa láti ṣèwádìí ò burú, ká sòótọ́. Bill Gaver, Tony Dunne àti Elena Pacenti, àwọn onídìsáìn, ló kọ nípa ẹ̀ ní 1999. Wọ́n fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fáwọn arúgbó ní Oslo, ní Amsterdam, àti ní ìlú kékeré kan nítòsí Pisa ní Ítálì, dípò kí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù lọ bá wọn, wọ́n di ẹrù kékeré fún wọn, káàdì tó ní ìbéèrè lẹ́yìn, máàpù, kámẹ́rà, kí kálukú lò ó bó ṣe wù ú kó sì fi ránṣẹ́ padà.

Èmi náà bá di tèmi, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Yéè! Màámi fi kámẹ́rà ya gbogbo ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ ìkórè, níkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn nà ró bíi pé páásípọ́ọ̀tù ni, ó wá ní kí n tètè fọ̀ ọ́ torí wọ́n ti ń da òun láàmú. Káàdì tí mo kọ "Kí ló múnú yín dùn lónìí?" sí, orúkọ àwọn tó dá èésú ló kọ sẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí ò tíì dá tiẹ̀, ó sì fàlà sábẹ́ orúkọ ẹni yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn kọ́ nìyẹn? Tí èésú bá pé inú màámi máa ń dùn, tí ò bá pé, ẹ sá fún un.

Máàpù yẹn ni mi ò lè rín sí. Mo ní kó ya gbogbo ibi tó ń rìn dé láàárín ọ̀sẹ̀. Màámi tí mo mọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé oko, kí oòrùn tó mú ó ti dé ọjà, lálẹ́ ó tún fẹ́ lọ wo aláboyún kan. Ó ya "ulé." Ó ya gééètì. Ó ya ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "bí wọ́n bá wá gbé mi". Ìyókù pépà náà funfun.

Fẹ́ǹsì ló sé màámi mọ́lé, àwa la sì fi owó wa kọ́ ọ. Pèpéle ló wà níwájú ilé wa tẹ́lẹ̀, èyí tí bàbá wa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ẹ mọ irú ẹ̀. Ẹni tó ń toko bọ̀ á sọ ẹrù síbẹ̀, á mu omi, á ròyìn ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, kó tó dìde ẹlòmíì ti jókòó. Màámi a máa kùn nígbà míì pé wọn ò jẹ́ kóun sinmi. Ìgbà tó wá di 29 January 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì wa lọ́hùn-ún bí wọ́n ṣe ń tìpàdé bọ̀, ìkẹta wọn ló rí ọ̀nà sá lọ, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti tíṣà wọn gbé ní Emùré. Báwo ni Emùré ṣe jìnnà sí wa tó? Bùrọ̀dá mi tó wà ní Kánádà ò lè sùn. Kò pẹ́ rárá tí owó fi dé, fẹ́ǹsì, wáyà lórí ẹ̀, gééètì onírin, èmi náà dá tèmi sí i. Ojú ibi tí pèpéle wà ni fẹ́ǹsì gbà, wọ́n bá wó o.

Ẹ má sì bá bùrọ̀dá mi jà o. Ẹni tó wà nínú yìnyín, tí wọ́n wá ní wọ́n ń jí ọmọ gbé nítòsí ilé ẹ̀, ògiri ló máa rò, kò ní rántí pèpéle.

Nínú kíláàsì kan náà yìí ni wọ́n ti ń yin Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ ní Zimbabwe. Ẹnìkan tó ń gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ ẹ̀ ló pa ara ẹ̀ torí kò rówó ọkọ̀ dé ọsibítù. Ní 2006 ó kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ní Harare, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn ẹ̀ wúwo, wọ́n gbé bẹ́ńṣì onígi síta, ẹni tí nǹkan bá sú á wá jókòó ti ìyá. Ní 2016 ìwádìí jáde nínú JAMA, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé ara àwọn tó gba ìtọ́jú lórí bẹ́ńṣì yẹn yá ju tàwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́, iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ ìyá àgbà tiwa náà wà ńlẹ̀, a ti tì í mọ́ ẹ̀yìn gééètì, òun àti tẹlifíṣọ̀n, tí NEPA bá sì ti ṣe tiwọn, òun nìkan. Mo bi í pé ṣé ó ń dá wà, ó ní rárá o, Ọlọ́run ń bẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní màmá nílé, ẹ mọ ohun tó sọ.

Fẹ́ǹsì ni mò ń yà báyìí. Mi ò wó o, mi ò lórí ẹ̀. Mo fẹ́ kí pèpéle wà lára ẹ̀ níta, kí ojú kan bíi fèrèsé onírin wà lára ògiri lẹ́yìn ẹni tó bá jókòó, kí màámi lè rí i látinú, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí ó na ike omi sí i, láìṣí gééètì. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí bíríkìlà wa lórí WhatsApp, ó fi voice note dáhùn pé ojú yẹn ti tóbi jù, olè á fi orí gba ibẹ̀, kí n dín in kù kí n sì fi ọ̀pá irin tó nípọn sí i. Látìgbà tí mo ti wọ iléèwé yìí mi ò tíì gba àtúnṣe tó wúlò tó yẹn. Màámi ní tiẹ̀ ní kí pèpéle ga díẹ̀ nítorí orúnkún àwọn ọ̀rẹ́ òun, kí páànù sì wà lórí ẹ̀ nítorí òjò.

Bùrọ̀dá mi ò tíì fèsì lórí group ìdílé. Ó ti kà á o, mo rí i pé ó ti kà á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi bẹ̀ ẹ́, sìmẹ́ǹtì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́.