Mọ́mì mi, àgbálùmọ̀, àti Bàbá tó jókòó tì mí nínú bàálù

Ẹ̀yin aláboyún tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ bàálù láti Èkó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ìyá yín bá ní òun máa bá yín di oúnjẹ ojú ọ̀nà, ẹ tètè wá iṣẹ́ míì fún un. Ẹ ní kó lọ bá yín ra ìkòkò. Ẹ ní kó lọ bá yín kí pásítọ̀. Ẹ ṣáà lé e kúrò nídìí kúlà.

Ìgbéyàwó àbúrò mi ọkùnrin ló gbé mi wá sílé, oṣù Kejì ni, oyún ti wọ oṣù keje, ikùn ti yọ débi pé tí mo bá dúró mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́. Kí n tó padà sọ́dọ̀ ọkọ mi ní Atlanta mo ti gba lẹ́tà dókítà, torí tí oyún bá ti ń lọ bí ọ̀sẹ̀ 28 báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní bàálù ló máa ń fẹ́ rí ìwé pé o lè rìnrìn àjò, tó bá wá di ọ̀sẹ̀ 36, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ ní gbé ẹ rárá. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi sì ti ka gbogbo òfin sí mi létí: bàálù yẹn á lò tó wákàtí 12 lófurufú o, máa mu omi, wọ sọ́ọ̀sì tó fún mọ́ ẹsẹ̀ dáadáa, máa dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ẹ lẹ́sẹ̀, má jẹ́ kí ebi pa ẹ́, àmọ́ kì í ṣe ìjẹkújẹ o, oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni, díẹ̀díẹ̀, torí ṣúgà ẹ ti fẹ́ máa yọjú sókè. Ó ní kí n wá ẹ̀pà, èso, ẹyin sísè, kùkúńbà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Èmi náà lọ ra nǹkan mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀pà sísun díẹ̀, ápù méjì, kùkúńbà tí mo gé roboto sínú ike. Mo tò ó sínú àpò kékeré kan, ó wuyì débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀.

Mọ́mì mi wo inú àpò, ó wo ojú mi, ó tún wo ikùn mi. Ó ní, "Ṣé ehoro lo lóyún ẹ̀ ni?"

Ó parí nìyẹn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, kíṣìnnì ti ń hó. Ẹ̀wà ti di lílọ̀, ewé ti wà nílẹ̀, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni Mọ́mì ń sè, ẹlẹ́mìí méje tí kì í parọ́, tó jẹ́ pé bó o ṣe ń tú ewé báyìí ni ẹyin ń yọjú lápá kan, tí edé àti ẹja títù ń yọjú lápá kejì. Ó dín ìpékeré. Ó se ẹyin bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ. Ó wá lọ ọ̀fìo pẹ̀lú àgbọn àti dàbínù, ó sẹ́ ẹ sínú ike omi ńlá kan. Mo ní, "Mọ́mì, ṣúgà ńkọ́?" Ó ní èyí kì í ṣe ṣúgà, ṣúgà Ọlọ́run ni. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ló gbé ọ̀rá dúdú kan jáde tí àgbálùmọ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, torí àsìkò ẹ̀ gan-an la wà, ó ní ọmọ inú gbọ́dọ̀ mọ adùn ilé kó tó balẹ̀ sílé òyìnbó. Ó tún fi píìnì kan há mi léti aṣọ, pé aláboyún kì í rìn lásán lọ́sàn-án gangan, ká tó wá sọ pé ojú ọ̀run ló ń lọ.

Àpò mi tó wuyì? Ó wà nísàlẹ̀ kúlà, mọ́ínmọ́ín jókòó lé e lórí.

Nígbà tí a dé ibi skáánà, píìnì ò dún o. Ọ̀fìo ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nǹkan olómi tó bá ti ju mílílítà 100 lọ, kì í bá èèyàn kọjá níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò náà lójú àánú, ó ní, "Àńtí, ẹ mu ún níbí àbí ẹ jù ú síbẹ̀ yẹn." Mo wo ìsàlẹ̀ ike yẹn, mo rí bí Mọ́mì ṣe jí láago mẹ́rin tó ń fọwọ́ fún ọ̀fìo nínú aṣọ funfun, ta ló fẹ́ jù ú nù? Mo gbé e sẹ́nu. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi kọ́kọ́ ń kùn, ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, ẹnì kan ní, "Àńtí, ó ti dé ìdajì o, ẹ má wẹ̀yìn!" Mo mu ún tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kọjá.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa dìde rìn, àbí? Mo rìn. Láti géètì ni mo ti ń rìn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo sì ń rìn lọ títí a fi wọ òkun.

Etí ọ̀nà ni síìtì mi wà, Bàbá kan jókòó sí àárín, ó wọ búbá funfun báláú, ó ń lọ wo ọmọ ọmọ ẹ̀, ọmọbìnrin kan wá wà létí wíńdò tó fi nǹkan dí etí kó tiẹ̀ tó jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n pín oúnjẹ, Bàbá ṣí tiẹ̀, ó wò ó títí, ó rọra dé e padà bí ẹni tó ń bo òkú. Ó ní òun ò kì ń jẹ nǹkan tí òun ò mọ ìdílé ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo ṣí kúlà.

Ẹ jọ̀ọ́, òórùn mọ́ínmọ́ín eléwé nínú bàálù, kì í ṣe nǹkan téèyàn lè dá jẹ. Mo tú ewé àkọ́kọ́, epo ti rọra sun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹyin jókòó sáàárín bí ọba. Bàbá ò wò mí o, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. "Wàá bí tibi tire, ọmọ mi. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ." Mo bu ọ̀kan fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na orí síwájú látẹ̀yìn, ó ní, "Àńtí, ẹ kú ìnáwó o." Mo fún òun náà. Ìyá kan lódìkejì ní òun ò fẹ́ o, òun kàn ń béèrè irú ewé tó jẹ́ ni. Mo fún un.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí nọ́ọ̀sì ò sọ fún mi. Tí bàálù bá ti gòkè, wọn kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ki tó ti ilẹ̀, bí ìgbà téèyàn wà lórí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000 ló máa ń rí, torí náà gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú nǹkan tó dé pa á máa wú ni. Ọ̀rá ìpékeré mi wú, ó le gan-gan bí ìlù. Ike kùkúńbà dún pò! bí mo ṣe ṣí i. Ẹ wá fojú inú wo ikùn mi: ẹ̀wà wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, odidi ike ọ̀fìo wà níbẹ̀, ọmọ sì ti gba gbogbo àyè tó kù.

Mo pa á mọ́ra. Mo pa á mọ́ra títí, mo fẹ́ dìde, wọ́n tan iná bẹ́líìtì, bàálù ń gbọ̀n, wọ́n ní kí gbogbo wa jókòó. Bàálù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣíún báyìí.

Ó jáde.

Kò dún o, ká dúpẹ́. Àmọ́ ọmọbìnrin etí wíńdò yọ nǹkan tó fi dí etí, bíi pé ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ó yíjú wo Bàbá. Bàbá yíjú wò mí. Èmi ti sùn, mo tiẹ̀ ti ń hanrun díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ tí Bàbá wúkọ́, tó ní, "Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ọjọ́ orí ni." Ọmọ náà fi ìborùn bo imú. Títí di òní yìí mi ò mọ̀ bóyá Bàbá bo àṣírí mi ni àbí òun náà ti ṣe tiẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Gbogbo èèyàn wá sùn, wọ́n pa iná. Òǹgbẹ àgbálùmọ̀ gbé mi lóru yẹn, irú èyí tó jẹ́ pé itọ́ á kàn kún ẹnu ẹ. Ohun tó bá ń wu aláboyún jẹ kì í wo aago. Mo yọ ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣáà mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀ kó tó fẹnu kàn án, àmọ́ òun náà ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó, inú òkùnkùn ni mo wà, mo tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ. Fìn-ín! Omi ẹ̀ fò jáde, ojú Bàbá ló bà sí, ó ṣàn dé búbá funfun.

Bàbá ta jí. Ó fọwọ́ kan ojú, ó tutù. Ó pariwo, "Bàálù ń jò o!"

Haa! "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ló kọ́kọ́ ta látẹ̀yìn, ẹnì kan ń kéwú lápá ọ̀tún, ìyá tó béèrè ewé ti ń wá lifejacket lábẹ́ síìtì, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀ẹ̀kan náà ń sọ pé òun ti mọ̀, òun ti ń gbọ́ ìró kan látàárọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àgbálùmọ̀ ti lẹ̀ mọ́ mi létè. Kóró ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri lọ sáàárín ọ̀nà, òṣìṣẹ́ bàálù tó ń sáré bọ̀ tẹ̀ ẹ́, ó yọ̀, ó di síìtì mú. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí Bàbá lójú, ó tan án sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ìlà wa dákẹ́.

Bàbá fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tọ́ ọ wò. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ti ọdún yìí mà dùn o. Ṣé ó ṣì kù?"

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, díẹ̀ ló kù nínú ẹ̀ nígbà tí a balẹ̀. Mo sì ti sọ pé oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi, torí ẹni tí kò bá sọ ọ́ ni wọ́n máa ń fi owó ìtanràn dá lóró. A ò tiẹ̀ tíì débi ìbéèrè tí ajá kékeré kan elétí gbọọrọ fi rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà, kò gbó, kò fò mọ́ mi, ó kàn rọra jókòó bí ẹni tó wá gba mọ́ínmọ́ín tiẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ti gbóòórùn èso tàbí ẹran, á jókòó. Aṣọ́bodè fi ọ̀yàyà gba àgbálùmọ̀ àti ẹyin tó kù, ó ní kí n máa lọ, kí Ọlọ́run sọ̀ mí láyọ̀.

Mi ò tíì bọ́ sọ́ọ̀sì tí Mọ́mì fi pe fídíò.

"Ṣé o rí nǹkan jẹ?"

"Mo rí jẹ, mà."

"Àgbálùmọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n gba èyí tó kù."

"Ta ló gbà á?"

"Ajá ló kọ́kọ́ rí i, mà."

Mọ́mì gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Ajá Amẹ́ríkà ń jẹ àgbálùmọ̀?"

Mo ṣàlàyé títí, pé kòkòrò tó bá wà lára èso lè ba oko wọn jẹ́, òfin ni. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní irọ́ ni, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ó ní ṣé mo dúró níbẹ̀ wò ó tí wọ́n fi jù ú nù? Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n!"

Ó ní kò burú, òun fúnra òun ń bọ̀ wá wẹ ọmọ lóṣù Karùn-ún. Òun fẹ́ rí ajá náà.